Ọ̀pẹ Ààlà

Lọ́dún 1988, Fẹ̀hìntọlá ra ọ̀pẹ ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà, irú èyí tó ń yọ ọmọ nídìí, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó ní Ìyànà Ìbà, ó gbìn wọ́n sí ààlà ilé rẹ̀ ní Okokomaiko, nítorí ojú àti ẹnu Ìyá Bàṣírù, aládùúgbò rẹ̀. Bí Fẹ̀hìntọlá bá gún ata, Ìyá Bàṣírù á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Bó bá jókòó, "Ẹ kú ìjókòó o!" Ẹ gbà mí, èèyàn ò wá lè họra lẹ́yìn ilé ara rẹ̀ mọ́!

Ara Fẹ̀hìntọlá ò balẹ̀. Àràárọ̀ ló ń lọ wo ọ̀pẹ bí ẹni tó ń retí àlejò. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dàgbà sí n'Íjànìkin, níbi tí wọ́n ti ń wú ọmọ kúrò nídìí ìyá kí ìyá lè so dáadáa. Nítorí náà, bí ọ̀pẹ bá ti yọ ọmọ, á fi ọkọ́ wú u, á jù ú sọ́dọ̀ Ìyá Bàṣírù. Ọ̀pẹ ga lóòótọ́, àmọ́ ìdí wọn ṣófo bí òpó iná.

Ìyá Bàṣírù ò bínú. Gbogbo ọmọ ọ̀pẹ tí Fẹ̀hìntọlá jù síbẹ̀ ló ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ààlà tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, wọ́n ti ṣù mọ́ra, wọ́n dí ààlà pa. Ìyá Bàṣírù ò rí Fẹ̀hìntọlá mọ́, kò sì kí i mọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Fẹ̀hìntọlá ń rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gún ata, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wúkọ́. Ó tún ata tó ti kúnná gún. Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, ó fọwọ́ ya ewé ọ̀pẹ, ó ki orí bọ̀ ọ́.

Ìyá Bàṣírù jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ kú ìwòran o!"