Òwúrọ̀ Tí Verna Pín Wàrà ní Brooklyn

Ọdún tí ogun le jù yẹn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò wa ti wọṣẹ́ ológun tán, epo ọkọ̀ sì ti di ọ̀wọ́n. Èmi àti Verna Tolliver jọ ń gbé yàrá kan. Iṣẹ́ wa ni kí wọ́n máa yà wá ní fọ́tò fún ìpolówó ẹ̀wù àti ọṣẹ. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Haskin, kì í fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ má jáde nínú ìwé ìròyìn. Ó ti ní ká gbin kábéèjì síwájú báńkì rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní Verna ni yóò pín wàrà, káyé lè rí i pé àwọn ọmọge òun ti bọ́ sípò àwọn tó lọ sógun.

Bàbá Ferraro, oníwàrà àdúgbò wa, ló yá wa ní kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n fi ń pín wàrà àti Juniper, ẹṣin tó ń fà á. Ọmọ rẹ̀ tó ń wà á ti wà lójú ogun ní Ítálì, ẹsẹ̀ sì ń dun bàbá fúnra rẹ̀.

Verna wọ bàtà gogoro, ó kun ètè, ó gun kẹ̀kẹ́, ó di ìjánu mú. Àwọn onífọ́tò yà á tán, wọ́n kó ẹrù wọn. Bí ọ̀gá ṣe ní kó sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni ẹṣin gbéra. Ó dé ẹnu ilé kan, ó dúró gbagidi. Verna fa ìjánu títí, ẹṣin ò mira.

Bàbá Ferraro tó jókòó tì mí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ní, “Ọmọ mi, kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wàrà bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn.”

“Tí mo bá gbé e síbẹ̀ ńkọ́, Bàbá?” ni Verna bi í.

“Á gbé ẹ lọ sílé kejì.”

Ọ̀gá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń pariwo pé wọ́n ń retí Verna níbi tí wọ́n ti fẹ́ yà á ní fọ́tò fún ìpolówó fìlà. Verna bọ́ bàtà, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀, ó gbé ìgò méjì, ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Báyìí la ṣe pín in láti ilé dé ilé. Obìnrin kan fún wa ní búrẹ́dì gbígbóná. Òmíràn, tí ọkọ rẹ̀ wà lójú òkun, di ọwọ́ Verna mú, ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, Verna sì jókòó tì í. Nígbà tí ariwo pípa sú ọ̀gá, ó bọ́ kóòtù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò.

Ìyá àgbà kan yọjú lójú fèrèsé. “Oníwàrà tuntun, má gbàgbé ìgò òfìfo ti àná o.”

“Ẹ má bínú, Mà,” ni ọ̀gá wí, ó sì padà lọ kó o.

Nígbà tá a parí, Verna bi Bàbá Ferraro bóyá òun lè máa wá láràárọ̀. Bàbá ní ojú rẹ̀ tí wọ́n ń yà ní fọ́tò, tó fi ń jẹun, ńkọ́.

“Ọ̀sán ni wọ́n ń yà á, Bàbá.”

Bàbá gbà, Verna sì bẹ ọ̀gá pé kó má sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn. Èmi rò pé ọ̀gá kò ní lè pa ẹnu mọ́, àmọ́ ó pa ẹnu mọ́. Láti ọjọ́ náà, Verna ń pín wàrà láràárọ̀, ó ń tètè sùn, ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń kọrin tó bá ń fọ ẹsẹ̀. Nígbà tí ọmọ Bàbá Ferraro ti ogun dé, Verna fa ìjánu lé e lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì jọ pín wàrà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà.