Fíìmù Tó Mọ́ Jù

Àwọn ọmọ iléèwé ló sọ ọ́ ní Màmá Átọ́ọ̀mù, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Òun ló ń mú àlejò yí gbọ̀ngàn àwòrán tó wà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ mànàmáná ká, níbi tí wọ́n ti ń fi agbára átọ́ọ̀mù se omi, tí ooru omi náà á sì yí ẹ̀rọ tó ń fún ìlú níná. Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ má bá a jiyàn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ látorí igi ìdáná, tó kọjá sórí èédú inú ilẹ̀, tó bọ́ sórí epo rọ̀bì, ọmọ tó ń tòògbé lẹ́yìn á lajú.

Ìtàn kan wà táwọn ọmọ fẹ́ràn jù. Ọkùnrin onímọ̀ kan láyé ọjọ́un fi bébà dúdú wé àwo fọ́tò tí wọ́n fi ń ya àwòrán nígbà náà, ó gbé òkúta yuréníọ̀mù lé e lórí, ó rò pé oòrùn gbọ́dọ̀ ràn sí òkúta náà kó tó lè ṣiṣẹ́. Oòrùn kọ̀, kò yọ. Ló bá kó gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í pa. Ìgbà tó yọ àwo náà lọ́jọ́ mìíràn, àwòrán òkúta ti hàn sí i lára rekete, nínú òkùnkùn biribiri.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú dúrọ́ọ̀?" ló máa ń bi wọ́n.

"Òkúta ni!" ni wọ́n máa ń pariwo.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, bó ṣe dé orí dúrọ́ọ̀ ló já ìtàn náà sílẹ̀ láàárín. Olùkọ́ àwọn ọmọ sáré bu omi fún un. Omi kọ́ ló ń wá. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ ìlera ilé iṣẹ́ fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, dúrọ́ọ̀ tirẹ̀ ló sì ń rò.

Kó tó di ẹni tó ń sọ̀tàn fún ọmọdé, ogún ọdún gbáko ló fi ń ka báàjì. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń fi báàjì kékeré kan sáyà, fíìmù pélébé kan sì wà nínú rẹ̀. Ìtànṣán tí ojú ò lè rí, tó ń wọ ara òṣìṣẹ́, á wọ fíìmù náà pẹ̀lú. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni fíìmù á ṣe dúdú tó. Ìparí oṣù ni Màmá Átọ́ọ̀mù máa ń kó wọn jọ, á fọ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ fọ́tò, á wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe dúdú tó, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá ti dé ìlà tí òfin fà, wọn ò ní jẹ́ kó wọ inú lọ́hùn-ún mọ́ lọ́dún náà. Ẹnu géètì ni wọ́n á gbé e lọ.

Àbúrò rẹ̀, Ọwọ́-Irin, wà lára àwọn tó ń pààrọ̀ páìpù nínú lọ́hùn-ún, ibi tó burú jù. Màmá Átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ fi Ọwọ́-Irin ṣe ọ̀gá àwọn onípáìpù, díẹ̀ ló kù kí iye tirẹ̀ kan ìlà, bẹ́ẹ̀ ìyá wọn ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti di ọ̀gá. Oṣù yẹn, ọjọ́ mọ́kànlá ló wọ inú. Báàjì rẹ̀ kò bá a wọlé lẹ́ẹ̀kan. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà, èyí tí wọ́n fi òjé bò nínú kí ìtànṣán má baà dé ara fíìmù tí wọn ò tíì lò. Wọ́n fi Ọwọ́-Irin jọ̀gá, gbogbo àdúgbò sì bá wọn yọ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bàjẹ́ lára Ọwọ́-Irin. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé ife tíì. Ilé ìwòsàn kan wà tó lè wò ó, àmọ́ ẹni tí fíìmù rẹ̀ bá ti dé ìlà rí nìkan ni ilé iṣẹ́ ń rán lọ síbẹ̀. Ìwé sì sọ pé tirẹ̀ ò dé e rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i," ni Ọwọ́-Irin sọ fún un lọ́jọ́ Àìkú. "Wọ́n á lé yín, wọ́n á tún pè yín lẹ́jọ́. Ṣebí èmi ni mo wá bẹ̀ yín?"

Màmá Átọ́ọ̀mù mi orí, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú rẹ̀.

Nígbà tí aago méjì lù, dókítà obìnrin kan tó ti ń hewú ló jókòó sípò alága. Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìwé yìí ò gbè yín, sà," ni alága sọ fún Ọwọ́-Irin. Ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn.

Màmá Átọ́ọ̀mù dìde lórí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Èmi ni mo kọ ìwé yẹn, mà. Irọ́ ni mo kọ."

"Ẹ má dá wọn lóhùn!" Ọwọ́-Irin ti yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà. Àìsàn mi ló ń dà wọ́n láàmú."

Alága mi orí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò tó, mà."

"Mo mọ̀. Àwọn fíìmù ṣì wà nínú yàrá ìwé àtijọ́. Ẹ ní kí wọ́n mú tirẹ̀ wá, ti oṣù tí wọ́n fi í jọ̀gá. Kí wọ́n mú ti ìyá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì nígbà yẹn wá pẹ̀lú."

Wọ́n mú wọn wá nínú àpòòwé. Alága gbé méjèèjì sójú wíńdò. Ti ìyá agbálẹ̀ ní àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ti Ọwọ́-Irin mọ́ gaara bíi gíláàsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ìyá yẹn ò kọjá ọ́fíìsì rí," ni Màmá Átọ́ọ̀mù wí. "Wíwà nínú ọgbà yìí nìkan tó láti fi eérú bẹ́ẹ̀ sí fíìmù lára. Ẹni tó ń pààrọ̀ páìpù nínú lọ́hùn-ún wá ni tirẹ̀ mọ́ jù?"

Akọ̀wé ń wo ìwé bíi pé ìwé náà fẹ́ bù ú jẹ.

"Níbo ni báàjì rẹ̀ wà nígbà yẹn?" ni alága béèrè.

"Inú dúrọ́ọ̀ òjé. Tèmi."

"Ìtànṣán tó wọ̀ ọ́ lára ńkọ́? Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Mi ò mọ̀, mà. Fíìmù ló yẹ kó mọ̀, èmi ni mo dí i lójú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Mo lè ka gbogbo wọn fún yín." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹfà, títí alága fi gbọ́wọ́ sókè pé ó tó.

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n," ni Ọwọ́-Irin tún wí.

"Kò bẹ̀ mí. Ó bi mí bóyá kò léwu ni. Èmi ni mo ní kó bọ́ báàjì sílẹ̀."

Alága kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ilé ìwòsàn á gba Ọwọ́-Irin wọlé lọ́la. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ku ìjókòó mìíràn, kó fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn sílẹ̀ ná. Màmá Átọ́ọ̀mù yọ ọ́ lápò, ó gbé e sórí tábìlì.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

"Mo ní kí ẹ má sọ ọ́."

"Mo rò pé o ti gbàgbé ni," ló wí. "Mo rò pé ó dá ọ lójú pé ìwọ lo bẹ̀ mí."

Ọwọ́-Irin wo ilẹ̀. "Mi ò gbàgbé rí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn rò pé bí mo bá ń sọ pé èmi ni, ẹ máa lè sùn."

Nígbà náà ni omijé tí kò rí nínú yàrá ìgbìmọ̀ wá já bọ́ lójú Màmá Átọ́ọ̀mù. Ó fà á lọ́wọ́ dìde, ọwọ́ tí wọ́n ti ń pè ní irin, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó tún wò ó bóyá òun dì í mú.