Àsíá Ni Ẹnu Yín

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ má bàa bá mi sọ ọ́ dà rú. Èmi ni wọ́n ń pè ní Rédíò ní kíláàsì wa. Olùkọ́ ìdárayá wa ló sọ mí bẹ́ẹ̀, ó tún ní rédíò gidi tiẹ̀ sàn jù mí lọ, torí pé èèyàn lè pa ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ń pè ní Dúró-dè-mí, nítorí látìgbà tó ti mọ ìrìn ni gbogbo wa ti ń sá tẹ̀lé e, tí à ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dè wá. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n kíláàsì kan náà la wà lọ́dún yẹn. Ẹsẹ̀ ló fà á.

Lọ́dún tó ṣáájú, àárín ìdánwò gan-an ló ti yọ̀ ṣubú, tí ojúgun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kán. Oṣù márùn-ún ló fi jókòó sílé. Obìnrin tó kọ́ ọ ní ìrìn padà nílé ìwòsàn ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn, bó sì ṣe gbé ọ̀pá sílẹ̀ báyìí, ó ní iṣẹ́ obìnrin yẹn lòun máa ṣe láyé òun. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ náà ní kó mọ̀wé, kó sì yege nínú ìdánwò ìdárayá. Ìwé kì í ṣe wàhálà rẹ̀. Sáré-lọ-sáré-bọ̀ ló kù, ọgọ́rin ìlà, kò gbọdọ̀ dín ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì ń gbà kéèyàn sá a. Àkọ́kọ́ ti bá ẹsẹ̀ kíkán lọ. Eléyìí ló kù, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Àwọn ará àdúgbò rò pé eré la lọ ń ṣe nílé ìwé. Bàbá wa tó jẹ́ káfíńtà náà kọ́kọ́ fi wá ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ta ló ń sáré gba ìwé ẹ̀rí, ṣé ajá ọdẹ ni wá ni. Ìgbà tó ṣí ìwé wa tó rí orúkọ àwọn iṣan tó wà nínú itan nìkan, ó rọra pa á dé, kò sì tún ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdánwò náà pín sí: a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó ṣe eré tiwa, a ó sì ṣe iṣẹ́ kan fún eré ẹlòmíràn, bóyá ìkọ́ni, bóyá ìtọ́jú, bóyá ìdájọ́. Èmi tí èémí mi kúrú láti kékeré, ìdájọ́ ni mo mú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú egungun. Bàbá wa fá igi àsíá méjì fún mi títí wọ́n fi ń dán. Ìyá wa rán aṣọ sí wọn lára, funfun láti ara àpò ìrọ̀rí, pupa láti ara ẹ̀wù eré ẹ̀gbọ́n mi tó ti gbó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó ní àìmẹ́nu, àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Páànù ni òrùlé gbọ̀ngàn eré wa. Èèyàn méjì bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí ogún ni. Ìlà méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀, ogún mítà sí ara wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan á máa ké “píì”, ẹni tó ń sáré sì gbọ́dọ̀ ti fẹsẹ̀ kan ìlà kó tó ké. Bó bá ṣe ń pẹ́ ni “píì” ń yára sí i. Orí tábìlì gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni adájọ́ máa ń dúró sí kó lè rí ìlà méjèèjì. Ẹsẹ̀ bá kan ìlà, àsíá funfun. Ẹsẹ̀ ò bá kàn án, pupa. Pupa kan ṣoṣo kò ba òǹkà jẹ́, ṣùgbọ́n pupa méjì tẹ̀léra, ó parí nìyẹn. Olùkọ́ wa ka òfin fún wa lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wo ojú mi: “Àsíá ni ẹnu yín. Adájọ́ tó bá bá ẹni tó ń sáré sọ̀rọ̀, wọ́n á fagi lé ìwé tirẹ̀.”

Obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ eérú ni àwọn elétò ìdánwò rán wá ṣe olùyẹ̀wò. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Ìbò ni wọ́n fi yan adájọ́ fún olúkúlùkù, ìbò sì mú mi fún ẹ̀gbọ́n mi. Olùkọ́ wa fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ mi, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò ní adájọ́ tí kò lè dájọ́ ẹbí rẹ̀, kí ló wá fẹ́ dá? Bí mo ṣe gun orí tábìlì nìyẹn.

Àádọ́ta ìlà àkọ́kọ́, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ sí ilé kejì ló ṣe sá wọn. Nígbà tó fi máa dé ọgọ́ta, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ní àádọ́rin, ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì ń pariwo orúkọ rẹ̀ débi pé páànù ń gbọ̀n. Nígbà tó pé ẹ̀rìnléláàádọ́rin, ẹ̀rọ ké kó tó kan ìlà. Mo gbé àsíá pupa. Mo wo olùyẹ̀wò ní ìdí ìlà lọ́hùn-ún, ó ń kọ nǹkan. Èyí tó kàn ni àrùndínlọ́gọ́rin, láti ibẹ̀ lọ sì ni òǹkà fúnra rẹ̀ ti ń sọ iye tó kù fúnni: àrùn-ún dín, ẹ̀rìn dín, ẹ̀ta dín. Bó bá tún gba pupa kan, ó ti lọ.

Ó sáré dé ibẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ àti “píì” fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé pọ̀. Àwọn kan lórí bẹ́ǹṣì figbe ta pé kò dé ibẹ̀. Mo rí i kedere, ó dé ibẹ̀. Mo gbé àsíá funfun sókè, ṣùgbọ́n òógùn ti bo ojú rẹ̀, kò rí i. Ó ń wá mi kiri bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń rọ̀. Ẹnu mi bá ṣe ohun tó ti máa ń ṣe látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

“Ó tọ́!” mo pariwo. “Ó tọ́!”

Ó gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, ó dúró, ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ lé orúnkún. Mo rò pé ó ń ṣeré. Ẹ̀rọ ké, mo gbé pupa. Ó tún ké, mo tún gbé pupa. Ó parí. Mo fò sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi sì ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó ti pé, àbí?” ó ní. “Mo gbọ́ tó o ní ó tó.”

Mo ní ó tọ́, ó gbọ́ ó tó. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ìlà, òun gbọ́ pé kí òun sinmi. Ó ka ojú mi, ẹ̀rín yẹn sì kú lẹ́nu rẹ̀. Àrùn-ún ló dín.

Olùyẹ̀wò ti dé. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tó fi dúró nígbà tí àsíá jẹ́ funfun. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ dáadáa. “Ó rẹ̀ mí ni, mà.”

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ìwé mi ló ń dáàbò bò. Mo sì mọ ohun tó wà ní ojú ìwé kẹtàlá ìwé òfin, torí mo ti há a sórí: ẹni tí adájọ́ bá ṣì lọ́nà máa tún un sá lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó lè rí bẹ́ẹ̀, adájọ́ ní láti jẹ́wọ́. Ẹ wá wò ó. Gbogbo ayé ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, ọjọ́ tí dídákẹ́ máa wá ṣe mí láǹfààní, ó di ìwà ìkà. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo ti fi ọdún méjì múra sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí yẹn.

“Irọ́ ni, mà,” mo ní. “Èmi ni mo dá a dúró.”

Olùkọ́ wa ká ọwọ́ lérí. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Olùyẹ̀wò wò wá lọ wò wá bọ̀, ó ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè jọ hun irọ́, pé òun máa gbọ́ ọ fúnra òun. Ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pariwo bí wọ́n ṣe pariwo lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ dúró sórí ìlà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí gẹ́lẹ́, ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ní kí n gun tábìlì kí n sọ ohun tí mo sọ. Inú kan ní kí n kúkú sọ “ó tó” gan-an, kó lè dá a lójú. Mo sọ ohun tí mo sọ, bí mo ṣe sọ ọ́: ó tọ́, ó tọ́.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó yọ pẹ́ńsù létí.

“‘Ó tó’ ni mo gbọ́,” ó ní. Ó gbé ìwé mi, ó fa ìlà gbọọrọ láti igun kan dé igun kejì. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi máa tún un sá lẹ́yìn wákàtí kan. Tèmi di ọdún tó ń bọ̀. Ó na ọwọ́, mo sì kó àsíá bàbá mi lé e lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́. Gbogbo wákàtí yẹn, bí mo ṣe ń fọwọ́ ra iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìwé ṣe kọ́ wa, ṣe ló ń bú mi. Ó ní dìndìnrìn ni mí, ta ló bẹ̀ mí níṣẹ́, ojúgun òun sì ti ń ro òun, bóyá òun ò ní dé ọgọ́ta pàápàá. Mo ti búra nínú ara mi pé mi ò ní la ẹnu yìí mọ́ títí a ó fi délé. Nígbà tí wọ́n pè é, ó dìde, ó wò mí.

“Mi ò ní kà á,” ó ní. “Ìwọ ni kó o kà á. Tó bá pé, pariwo rẹ̀. Tí mi ò bá gbọ́ ohùn rẹ, mi ò ní dúró.”

Olùyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ló gun tábìlì. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ki ọrùn ẹ̀wù mi bọ ẹnu, mo ń kà. Ọgọ́ta. Àádọ́rin. Ó ti ń tiro. Àrùn-ún dín, funfun. Ẹ̀rìn dín, pupa. Ẹ̀ta dín, funfun. Èjì dín. Ọ̀kan dín. Ó dojú kọ ìlà, ó fi gbogbo ara ju ẹsẹ̀ sí i, àsíá funfun sì lọ sókè. Ọgọ́rin. Olùyẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀, mo rí i. Ariwo sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró. Ó yí padà, ó ń lọ. Adájọ́ ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ariwo àwọn yòókù ò sì jẹ́ nǹkan kan létí rẹ̀. Mo fẹ́ pariwo, ẹnu mi kọ̀. Èmi Rédíò. Mo ń rántí ìlà gbọọrọ tí wọ́n fà sórí ìwé mi, mo ń rò ó pé bí mo bá tún ṣì í sọ ńkọ́? Ọ̀kan lé. Èjì lé. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ti ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo sì rí i pé ó máa kán.

Mo sáré dé etí ìlà, mo fi gbogbo ìwọ̀nba èémí tí Ọlọ́run fún mi pariwo: “Ó tó! Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó!”

Ó wó lulẹ̀ lọ́wọ́ mi. A jọ jókòó sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, òógùn rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn. Ó la ojú kan, ó fi wò mí.

“Ó tó,” ó ní, “àbí ó tọ́?”

“Méjèèjì ni,” mo dá a lóhùn, ẹkún sì gbà mí lẹ́nu.