Omi Abẹ́ Mọ́tò

Èmi kì í fura sí ènìyàn lásán. Àmọ́ tí omi bá ń wà lábẹ́ mọ́tò ọkọ mi ní àràárọ̀, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, tí gbogbo ọgbà gbẹ táútáú, ẹ ní kí n máa rẹ́rìn-ín?

Omi náà kò pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú ló máa ń wà, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró. Ìyá Mùízz, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ní ọgbà wa, ni mo fura sí. Ó kó wá sí Mowe láti Ifọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Mo sì fi ojú ara mi rí i tó lóṣòó ti mọ́tò náà, tó ń ti ìka bọ omi ọ̀hún, tó ń gbóòórùn rẹ̀. Kí ni opó ń wá lábẹ́ mọ́tò ọkọ ọlọ́kọ?

Ọláwuyì ọkọ mi a máa gba márosẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n dà sílẹ̀ dè é. Nítorí náà, mo máa ń jí ṣáájú rẹ̀, màá fi omi iyọ̀ àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ dáadáa, màá wá ta òróró àdúrà sí i. N kò sọ fún un. Ó máa ní ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá Mùízz kan ilẹ̀kùn wa.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, Mummy Láyọ̀mi. Mo fẹ́ rí Daddy. Ọ̀rọ̀ mọ́tò wọn ni."

"Daddy ò sí nílé," mo ní, mo sì ti ilẹ̀kùn. Ọláwuyì wà nínú ilé tó ń jẹun. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹ tèmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá páálí lábẹ́ mọ́tò. Wọ́n fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, àárín rẹ̀ sì rin. Obìnrin náà ti wá sàmì síbẹ̀ báyìí. Mo gbé páálí náà lọ sẹ́yìn ilé, mo dáná sun ún, mo sì padà wá fọ ilẹ̀.

Ọláwuyì jáde, ó ṣáná sí mọ́tò. Kó tó gbéra, ìyá Mùízz ti dúró sí ẹnu géètì, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Daddy Láyọ̀mi, ẹ má bínú, mi ò ní kúrò níbí. Ẹ kọ́kọ́ tẹ bíréèkì yín wò ná."

"Kúrò níwájú ọkọ mi," mo ní. Ìgò òróró ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọláwuyì tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tún un tẹ̀.

"Stella, kò mú. Ó wọlẹ̀ pátápátá."

Ó pa iná mọ́tò, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Omi bíréèkì ló ń jò, sà," ìyá Mùízz ní. "Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń rí i. Mo tẹ́ páálí síbẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí i. Irú ẹ̀ ló pa bàbá Mùízz."

Ọláwuyì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. "Kí ló dé témi ò rí nǹkan kan láti ọjọ́ yìí? Ilẹ̀ ibí sì tutù rinrin. Ta ló ń fọ̀ ọ́?"

Èéfín páálí ń rú láti ẹ̀yìn ilé. Ìyá Mùízz wo èéfín náà, ó wò mí, ó wo ìgò ọwọ́ mi. Ó ti mọ̀.

"Bóyá òjò ni, sà," ó ní.

Ọláwuyì gbójú sókè. Ọyẹ́ ló bo gbogbo sánmà. Ó ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn ní Mowe.

Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá Mùízz níbi tí mo dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, omi ọṣẹ sì rin aṣọ mi lórúnkún. Ọláwuyì wo omi ọṣẹ náà, ó wò mí; òun náà ti wá mọ ẹni tó ń fọ̀ ọ́.