Ìkòkò Tí Kì Í Pariwo

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi yé yín pé èmi Mọ̀nsúrát, ọmọ Ìṣẹ́yìn, kò sí ìkòkò tó tíì dẹ́rù bà mí rí. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bá ìyá mi bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì. Torí náà, nígbà tí ìyá ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́ ní ará òkè ò lè se nǹkan tí ará etí ọ̀sà á fi ṣínu, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣáà jẹ́ kí ààwẹ̀ dé."

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi, Alhaja Sìlífátù, ní ṣọ́ọ̀bù kan níwájú ilé wọn, ó kọjú sí títì, kò jìnnà sí ọjà ẹja. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ta ẹja yíyan níbẹ̀. Ìgbà tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà dé ni wọ́n tì í pa, tí wọ́n so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́ etí ìró wọn. Èmi fẹ́ máa ta oúnjẹ níbẹ̀. Yàrá kan la háyà ní Lasunwon níbí, ní Ìkòròdú, kò sí ojú títì tí mo lè gbé ìkòkò sí. Ọkọ mi Bàdírù bá mi bẹ̀ wọ́n títí, ẹnu ẹ̀ bó.

Ìyá ní, "Èmi ò ní gbé ṣọ́ọ̀bù mi fún ẹni tí wọ́n á máa fi oúnjẹ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù mi ń bọ̀ wá ṣínu lọ́dọ̀ mi. Wá se nǹkan mímu fún wọn. Tí wọ́n bá mu ún tán, kọ́kọ́rọ́ nìyí. Tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ kù, kó o má pe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù létí mi mọ́."

Lọ́dún tó kọjá, Mutmainah ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló se tiẹ̀. Ìyá ní omi ìfọwọ́ ni. Mutmainah ò sì tíì bọ́ nínú ìbínú yẹn dòní.

Èmi ò bẹ̀rù. Ẹ ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi Ṣẹ̀rífátù, tó wà ní Mánsẹ́sítà, ti fi ìkòkò oníná kan ránṣẹ́ sí mi, sìló kúkà ni wọ́n ń pè é, iná jẹ́jẹ́ ló fi ń se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Inú ẹ̀ dà bí ìkòkò amọ̀, ó wúwo, ó ń dán, ìta ẹ̀ ló ní iná àti bọ́tìnnì. Ó tún kó ẹ̀wà òyìnbó kan sí i, yẹ́lò, wọ́n ti bó èèpo ẹ̀, wọ́n ti là á sí méjì-méjì. Píìsì ló pè é. Mo wò ó, mo ní, "Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì tó lọ sókè òkun ni èyí." Àwòrán ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń sè é wà lára páálí ẹ̀ o. Mo ya ìyẹn dànù kí ọkọ mi tó wọlé.

Ṣẹ̀rífátù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn da gbogbo ẹ̀ sí i, ẹ bu omi sí i, ẹ dé e, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ máa lọ síbi tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ẹ má ṣáà máa ṣí i wò." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dán an wò kí ààwẹ̀ tó dé. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ki, ó ń dán, atalẹ̀ inú ẹ̀ ń ta èèyàn lọ́fun díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi lá abọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn dé. Bí a ṣe kírun àsùbáà tán ni mo ṣan ẹ̀wà náà, mo ṣa òkúta inú ẹ̀, mo da á sí ìkòkò. Mo gé àlùbọ́sà sí i, mo gé kárọ́ọ̀tì, mo gún atalẹ̀ àti ata rodo méjì, mo fi egungun màlúù tí mo ti bọ̀ lálẹ́ àná sí i. Mi ò fi iyọ̀ sí i o. Ẹ̀wà tó bá ti rí iyọ̀ kó tó rọ̀, agídí ló máa fi ṣe. Mo tẹ wákàtí mẹ́jọ, iná pupa tàn, mo yí ẹ̀yìn.

Fọláwùmí, ìyá Tìmílẹ́hìn, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, yọjú sí kíṣìnnì. Ó ní, "Ìyá Yasir, ìkòkò yín yìí, ṣé ó ń se nǹkan ni àbí ó ń sùn? Mi ò gbọ́ kó hó."

Mo ní, "Ìyá Tìmílẹ́hìn, ìkòkò gidi kì í pariwo."

"Hẹn-ẹ́n. Bí ọkọ mi lọ́jọ́ tó bá jẹ̀bi."

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó tó nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo ń ká aṣọ lọ́wọ́, iná ṣẹ́jú. Ó lọ, ó dé. Fáànù ò tíì dúró tán tó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Fíríìjì kérora, tẹlifíṣọ̀n ìyá Tìmílẹ́hìn tún bẹ̀rẹ̀ ariwo ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: ta ló ń dìde lọ wo nǹkan tó ti fi sí iná tẹ́lẹ̀? Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. A máa ń fi nǹkan sí i kí iná wá bá a níbẹ̀ ni. Mo ní alhamdulillah, mo gbé báàgì, ó di Sábó, mo lọ ra dàbínù àti ẹja yíyan. Ibẹ̀ náà ni mo ti kírun Jímọ̀.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo padà wọlé. Òórùn ló sọ fún mi. Àìsí òórùn ni kí n wí. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, imú ẹ̀ a máa mú ju ti ajá lọ, ṣùgbọ́n kíṣìnnì ò run nǹkan kan. Mo sún mọ́ ìkòkò. Iná pupa ti kú, òdo-òdo ló ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ṣí i. Ẹ̀wà jókòó sísàlẹ̀ omi bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú gọ́tà. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan. Ó dún pẹ́.

Mo pe Ṣẹ̀rífátù. Ó ní, "Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Tí iná bá lọ, ó máa ń pa ara ẹ̀ ni. Tí iná bá dé, ẹ máa tún un tẹ̀ ni."

"O ò sọ fún mi!"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Iná kì í lọ níbí."

Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Mo tẹ èyí tó gbóná jù, mo dúró tì í. Ìyá Tìmílẹ́hìn ní kí n fi kánún sí i. Mo ní rárá, àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa mu ún. Ó ní kí n gbé e ka gáàsì òun. Mo ní ẹ̀wà tó ti jókòó sínú omi báyìí, tí wọ́n bá sáré fi iná ńlá lé e, ìdí ẹ̀ á jó, inú ẹ̀ á le. Mo mọ ẹ̀wà. Ló bá ní kí n pe Ẹ̀pẹ́ pé ara mi ò yá.

Mo ní, "Ọmọ Ìṣẹ́yìn kì í ṣàìsàn nítorí ẹ̀wà."

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, mo ti ń wo aago ṣáá. Tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ kù, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Nígbà tó di aago mẹ́ta, ó ti ń rọ̀ ṣùgbọ́n kò tíì jinná. Mo ní màá parí ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mo fi aṣọ méjì wé ìkòkò náà bí ọmọ tuntun, mo gbé e sínú kúlà ńlá, mo ju ìjábẹ̀, ọwọ̀ kékeré tí a fi ń mú gbẹ̀gìrì kúnná, sínú báàgì, mo wọ mọ́tò. A gba Ìmọ̀ta, a gba Ìtóìkín, mo gbé kúlà lé ẹsẹ̀ títí a fi dé.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá Ìyá, lórí àpótí, níwájú ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí látàárọ̀ tí ààwẹ̀ bá ti dé. Dókítà ò jẹ́ kí wọ́n gbà á mọ́, èyí ni ọdún kẹta, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn tí wọ́n bá ń mu omi.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé, Ìyá. Ẹ kú ìdí iná."

"Ará òkè, o ti dé. Iṣẹ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ dà?"

"Ìyá, ṣé iná wà?"

"Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí a ti rí i. Kí lo fẹ́ fi iná ṣe?"

Mo lè purọ́. Mo lè ní mọ́tò ló gbọn ọ́n nù. Mo ní, "Oúnjẹ ò tíì jinná, Ìyá."

"Kò tíì kí ni?"

Mo rò ó fún wọn látòkè délẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa gbaná jẹ. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, wọ́n rín in títí ìró wọn fi tú, kọ́kọ́rọ́ ń dún ṣàn-ṣàn létí ẹ̀. "Ìkòkò tó sùn lọ! Iná dé, wọn ò jí i! Áà, òyìnbó!"

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n dìde, wọ́n fi ṣíbí bu ẹ̀wà díẹ̀, wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ojú wọn yí padà. Ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni.

"Ó ku wákàtí kan àtààbọ̀. Iná jẹ́jẹ́. Lọ gbé ìkòkò irin dúdú yẹn wá."

"Ìyá, ẹ jókòó, màá..."

"Gbé e wá, mo ní! Iná jẹ́jẹ́, kí lo rò pé mo fi ogójì ọdún ṣe? Ṣé òyìnbó ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń yan ẹja tí kò fi ní jó?"

Mo da ọbẹ̀ sínú ìkòkò irin. Wọ́n fi igi tẹ́ ẹ̀yinná, wọ́n da eérú lé e, wọ́n ki èèpo àgbọn méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n na ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé èje, kí wọ́n tó yọ ọ́. "Tó o bá lè kà dé èje, iná náà dáa. Tó o bá rí ahọ́n iná báyìí, o ti bà á jẹ́." Wọ́n ní kí n na tèmi náà. Ẹ̀fà ni mo kà dé tí mo fi sá. Wọ́n tún da eérú lé e, mo wá gbé ìkòkò kaná.

Nígbà tí ẹ̀wà rọ̀ tán, mo yọ egungun, mo fa ìjábẹ̀ yọ.

"Kí nìyẹn?"

"Tará òkè nìyẹn, Ìyá. Ẹ máa wò mí."

Mo jà á. Mo jà á débi pé kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù, ó ń fà bí òróró. Wọ́n mi orí. Mo kó ẹja tí mo rà ní Sábó síta. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbóòórùn ẹ̀.

"Ẹja yìí ti rìnrìn àjò ju èmi tí mo lọ Mẹ́kà lọ." Wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n mú ọ̀bọ̀kún kan lórí ààrò, wọ́n yọ eegun ẹ̀ ní wéré, wọ́n ya á sínú ìkòkò. "Iyọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò tíì fi sí i. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi tọ́ ọ wò."

Wọ́n fi ṣíbí ro ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Mutmainah ò jẹ́ kí n débi ìkòkò lọ́dún tó kọjá," wọ́n ní. "Ó ní kí n lọ sinmi. Gbogbo yín lẹ ní kí n lọ sinmi."

Mo na ike iyọ̀ sí wọn. Wọ́n kẹ̀yìn sí mi díẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò. "Kún un." Mo kún un. "Tún kún un, ahun ni ẹ́ ni?" Mo tún kún un. Wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó tó. Wọ́n wá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kẹrin. Mi ò rò pé ti iyọ̀ ni ìyẹn.

Àwọn mọ́kànlá ló wá nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, wọ́n jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n ṣe pe ìrun mọ̀gàríbì, wọ́n fi dàbínù àti omi ṣínu, mo wá ń gbé kọ́ọ̀pù fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn ìyá wa, ẹ mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ wọn lè burú. Èyí tó dàgbà jù, Alhaja Sọ̀fíyàt, mu kọ́ọ̀pù tiẹ̀ gbẹ, ó wo ìdí ẹ̀.

"Sìlífátù, ta ló se èyí?"

Mo ti ń la ẹnu láti dáhùn.

Ìyá ní, "Àwa ni."

"Àwa wo?"

"Èmi àti ìyàwó mi. Ó gbé e dé láti Ìkòròdú ní àìjinná, mo fi iná ẹja jí i."

"Wọ́n ní ara rẹ ò gba iṣẹ́ mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyàwó, bu sí i fún un, ẹnu ẹ̀ ti ń gbẹ, ìyẹn ló ṣe ń rojọ́."

Mo bu sí i. Mo bu sí i fún gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa kírun tán, ìkòkò dúdú yẹn ò nílò fífọ̀ mọ́.

Ìyá rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ síwájú ilé, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù náà fúnra wọn, wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ lo ni iwájú. Èmi ni mo ni ààrò. Ẹni tó bá tún ní kí n lọ sinmi, ó máa rí mi."

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ ṣé, Ìyá. Ìkòkò oníná wa ńkọ́?"

"A máa lò ó lọ́jọ́ tí iná bá wà."

Òórùn ẹja àtọdúnmọ́dún tú jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó bò mí. Mo yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Ìyá, ibí yìí ń run ẹja o."

"Fi í sílẹ̀," wọ́n ní. "Òun ló máa bá ẹ pe oníbàárà."