Ẹ Má Tì Í, Ó Ti Kú

Bí ẹ bá gbọ́ pé ọkọ̀ kan gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ òjò, tó ru àpò kòkó tó ga ju ilé Ọlọ́run lọ, tí ìyá arúgbó mẹ́fà jókòó lórí àpò náà, tí ewúrẹ́ sì jókòó lórí àwọn ìyá arúgbó, ọkọ̀ tèmi ni. Lándírófà ni. Mo ní tèmi, àmọ́ Bàbá Tíṣà Ọládọ̀tun ló ni ín, ọ̀gá iléèwé tó fẹ̀yìn tì wálé. Èmi Dàda ni mo ń wà á. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹrẹ̀ àti òkè ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, èmi ni wọn ì bá fi ṣe gómìnà l'Ákùúrẹ́.

Ọkọ̀ náà dàgbà. Mo máa ń sọ fún èrò pé òun ló gbé Nóà dé ibi tó ti wọ ọkọ̀ tirẹ̀. Okùn ni mo fi so ilẹ̀kùn kan, bátìrì sì ti kú tipẹ́. Nítorí náà, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé Bàbá ni mo ń gbé e sí, mo á kọ imú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo á fi òkúta dí táyà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara rẹ̀, gbà, gbà, gbà, gbogbo àdúgbò á tú jáde wá tì í. Tó bá ti ṣáná, mo á dúró nísàlẹ̀, àwọn tó tì í ni yóò kọ́kọ́ wọlé jókòó. Àwọn ọ̀lẹ á rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Bí wọ́n bá sì ti ń tì í, mo á yọrí síta, mo á máa ké bí ọmọ olókùú: "Ẹ má tì í o, ó ti kú. Ẹ lọ gbẹ́lẹ̀." Ẹ̀rín á pa wọ́n, agbára wọn á di ìlọ́po méjì. Ọkọ̀ á húkọ́, á tu èéfín tó lè sọ ọ̀sán di òru dé Òkè-Ìmẹ̀sí.

Lydia ìyàwó mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Orogún ló ń pè é. "Bàbá Táyọ̀, orogún mi yìí ń jẹ, ó ń mu, kì í dáná. Ìgbà wo lẹ máa lé e lọ?"

"Ṣé wọ́n ń lé ìyálé ni?" ni mo máa ń dá a lóhùn.

Ọkàn mi balẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí Bàbá Tíṣà sọ lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú ìjọ, ó ní, "Dàda, ìwọ lo máa wà á gbẹ̀yìn." Ìjọ ṣe àmín kan. Èmi ṣe méje.

Wọ́n wá da ọ̀dà sí títì. Takisí dé, ọ̀kadà dé. Páàtì tí wọ́n fi ń tún Lándírófà ṣe di ohun tí à ń fi ààwẹ̀ wá. Bánkọ́lé tó ń lẹ táyà l'Árámọkọ ló kọ́kọ́ sọ fún mi: "Ajíbádé ará Ìjerò ń bọ̀ wá ra ọkọ̀ yín ní Sátidé."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ yọ fi lọ ẹ̀gẹ́. Àwọn kan ní adìyẹ ló fẹ́ sìn sínú rẹ̀."

Bàbá Tíṣà ò sọ nǹkan kan fún mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbé e lọ sípàdé ìjọ, ó ń bi mí bóyá iṣu oko mi ti ta.

Mo ní kò burú. Lálẹ́ Fúráìdé, mi ò gbé ọkọ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́. Ilẹ̀ títẹ́jú ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbé e sí, níbi tí igba ọwọ́ ò ní tètè tì í dé ìsàlẹ̀.

Ajíbádé dé, ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Kò sí nǹkan.

"Bàbá, òkú lẹ fẹ́ tà fún mi."

"Sà, láti ogun Kírìjì ló ti gbọgbẹ́," ni mo dá sí i.

Ajíbádé rẹ́rìn-ín, ó ti ń sọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Inú mi dùn ju afárá oyin lọ. Bàbá Tíṣà wò mí, kò bínú. Ó rìn lọ sídìí ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ tó gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìkórè sókè, ó fi gbá a: gbà, gbà, gbà.

Wọ́n tú jáde. Àwọn kan fi gàrí sílẹ̀ lórí iná, ọkùnrin kan sáré wá pẹ̀lú ọṣẹ lórí. Mo na apá síwájú wọn.

"Ẹ má tì í. Ó ti kú."

Ẹ̀rín ta. Ẹ̀yínadé tó sanra jù nínú ẹgbẹ́ akọrin ní, "Dàda ti bẹ̀rẹ̀."

"Wọ́n ń tà á ni. Òótọ́ ni mò ń sọ."

"Bí òótọ́ kìnnìún tó o ní o gbé lọ Iléṣà ọjọ́sí?"

Ajíbádé fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sídìí ìwakọ̀, wọ́n tì í. Ìgbà náà ni mo rí Lydia lẹ́yìn, tó fi èjìká ti táyà sípéà, tí kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Táyọ̀, ìwọ má tì í."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á. Bàbá Tíṣà ti sọ fún mi láti àná. Ẹ kúrò lọ́nà, Bàbá Táyọ̀."

Mo kúrò. Lándírófà dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó húkọ́, ó ṣáná. Gbogbo àwọn tó tì í gbọn eruku ọwọ́, wọ́n sáré tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀ láti wọlé. Kò dúró. Ó yí kọ́nà títì Ìjerò, wọ́n ṣì dúró tí wọ́n ń wò ó.

"Dàda," Ẹ̀yínadé ní, "kò dúró o."

Títí di òní, mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ọkọ̀ náà ṣe. Bàbá Tíṣà ní òun máa bá mi wá iṣẹ́. Mi ò kí i kí n tó lọ.

Nígbà tí mo délé, Lydia ń dáná. Ọ̀kan nínú òkúta ààrò rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ó ti rí òmíràn fi rọ́pò. Mo wo òkúta náà dáadáa. Ipa táyà ṣì wà lára rẹ̀.

"Orogún mi pẹ́ kó tó dáná," ló sọ, ó bu oúnjẹ fún mi.

Òórùn ọbẹ̀ náà dára. Mi ò jẹ ẹ́.