Ọ̀dà Funfun Lára Kòkó Bàbá Bàrákátù

Ṣebí jẹ́jẹ́ ni Abísóyè jókòó sílé ọmọ rẹ̀ ní Plano, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ tí ẹbí Túnjí wá tọrọ Détọ́lá, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n gba freeway láti DeSoto, wọ́n to iṣu ìdána sí pálọ̀. Ni Bàrákátù, ìyá àgbà Túnjí, bá béèrè abúlé wọn, bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe. Áà, abúlé kan náà ni wọ́n ti wá!

Bàrákátù bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ròyìn fún gbogbo ilé nípa ọdún tí ìjọba òyìnbó ń gé kòkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á fi ọ̀dà funfun sàmì sí igi tí wọ́n ní ó lárùn, wọ́n á sì bẹ́ ẹ lulẹ̀. Ìgbà tó tó gẹ́ẹ́, àwọn àgbẹ̀ yọ àdá. Bàbá tòun ló ṣíwájú wọn, nítorí pé gbogbo oko rẹ̀ ni wọ́n gé tán. Ọlọ́pàá mú un, ẹ̀wọ̀n ló kú sí. Bàbá Abísóyè ló wá ń gbé iṣu fún ìyá òun àtàwọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ bọ́ wa," ló ní. "Kí la fẹ́ fún yín tó máa pọ̀ jù?"

Ojú gba Abísóyè tì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, òun gan-an ló gbé agolo ọ̀dà. Bàbá rẹ̀ ha àmì kúrò lára kòkó tiwọn, ó lọ kun ti aládùúgbò wọn, bàbá Bàrákátù. Bó bá panu mọ́, Détọ́lá á rílé ọkọ wọ̀. Bó bá sọ ọ́, ó lè da ìgbéyàwó náà rú. Àmọ́ ojú wo ni yóò fi gba ọpẹ́ yìí?

Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tí òun fi ọdún mẹ́rin jù lọ.

"Kò sí àrùn lára kòkó bàbá yín. Àwa la kùn ún. Èmi ni mo gbé ọ̀dà."

Détọ́lá ń fi gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tí Grandma sọ.

"Ìyá mi ò fẹnu kan iṣu yẹn rí," ni Bàrákátù sọ. "Àwa ọmọ la máa ń jẹ ẹ́. Òní ni mo tó mọ ìdí ẹ̀."

Ó nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí Túnjí kó iṣu ìdána padà sínú mọ́tò.